Kọ̀ǹpútà Tó Lè Gbé Géèmù

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé funfun yẹn kúrò níbẹ̀, sà," Asiyah wí fún ọlọ́jà. "Kò lè gbé e."

Raliat, ìyá rẹ̀, yíjú wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yìí, ní ọ̀nà Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, láptọ́ọ̀pù funfun náà ló ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó sì ń dán bí abọ́ tánganran. Irú rẹ̀ gan-an ni Alhaji Ọládépò, ẹ̀gbọ́n Raliat, ní kí wọ́n rà.

"Kí ni kò lè gbé?"

Asiyah wojú ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti dáhùn báyìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ti ń yẹ̀ sílẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ti dé nìyẹn.

"Géèmù ni, mà," ó wí.

Asiyah ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó kọ́ ọ ló fẹ́ kọ́. Jàmíù, bàbá rẹ̀, jẹ́ bíríkìlà, ó sì wà níbi iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ohun tó sọ lórí fóònù kò ju pé ohunkóhun tí ìyá àti ọmọ bá fẹnu kò sí, òun fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí Raliat fi ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ pa láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí òun àti ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ wá. Bí wọ́n bá ra kọ̀ǹpútà tán, ilé Alhaji ni wọ́n ń lọ, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Asiyah yóò máa gbé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Alhaji ò fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù sétí. Anas, àkọ́bí rẹ̀, wà ní yunifásítì nígbà tí géèmù gbà á lọ́wọ́ ìwé pátápátá. Kò lọ sí kíláàsì mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé ni bàbá rẹ̀ tó mọ̀. Ìlọrin ló wà báyìí, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó sì máa ń pẹ́ kó tó pe ilé. Alhaji ti sọ ọ́ fún Raliat láì fepo bọyọ̀ pé tayọ̀tayọ̀ ni òun fi gba Asiyah, àmọ́ ohun tó ba ti Anas jẹ́ kò tún gbọdọ̀ wọ ilé òun.

Asiyah sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó ní kọ̀ǹpútà tó bá lè gbé géèmù ló lè gbé àwòrán ilé tí àwọn máa yà, torí àwòrán náà wúwo bákan náà fún un. Ó ní òun fẹ́ràn géèmù lóòótọ́, òun ò ní parọ́, ṣùgbọ́n kí ìyá òun ṣáà sọ fún Alhaji pé tìtorí ìwé nìkan ni àwọn fi rà á.

Raliat gbọ́ ọ tán. Ó kọjú sí ọlọ́jà, ọkùnrin kan tó fi gíláàsì sójú, tó ń jẹ́ Saifudeen.

"Ọ̀gá, ẹ fi géèmù sí funfun yìí kí n rí i."

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà máa wò ó ni?"

"Èmi kúkú ni mò ń ra nǹkan."

Saifudeen rẹ́rìn-ín, ó fi géèmù bọ́ọ̀lù sí i. Asiyah jókòó tì í. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Nígbà tó yá, àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lemọ́lemọ́, bọ́ọ̀lù á pòórá níbì kan, á sì yọ níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà náà ń mí hùù. Raliat fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tètè fà á kúrò, torí ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi dúró gbagidi, kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ tó dá wọn lóhùn mọ́.

Saifudeen fúnra rẹ̀ sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní ìwé kíkọ àti ìwé kíkà ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ó wá mú wọn lọ sídìí méjì mìíràn tí owó tí wọ́n mú wá lè rà. Ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí àpótí rẹ̀ tó kọ́bọ́ọ̀dù kékeré. Èkejì jẹ́ láptọ́ọ̀pù dúdú tòkunbọ̀ kan, ó ki, ó wúwo, igun rẹ̀ kan sì ti họ.

Ti orí tábìlì ni Saifudeen gbóríyìn fún jù. Ó ní nínú iye tí wọ́n ní lọ́wọ́, kò sí èyí tó lágbára tó o, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Raliat ti ń mi orí pé ó dára. Asiyah ló ní òun ò lè gbé e lọ sí kíláàsì, àti pé bí wọ́n bá mú iná lọ, ojú ẹsẹ̀ ló máa kú mọ́ òun lọ́wọ́ pẹ̀lú àwòrán tí òun ń yà. Saifudeen gbà pé òótọ́ ni. Ó ku dúdú.

Nígbà tí Asiyah bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù lórí ìyẹn, kò kọsẹ̀, kò sì dúró. Àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Raliat ò wo kọ̀ǹpútà mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Asiyah jókòó pẹ̀sẹ̀, ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìwo ibi tí wọ́n wà. Wọ́n gbá góòlù kan sínú àwọ̀n rẹ̀, kò pòṣé. Ó dá eré dúró, ó ṣàtúntò àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì dá góòlù náà padà. Ọmọ yìí náà ni wọ́n máa ń pè léraléra kó tó fọ abọ́ tán nílé. Raliat ò mọ̀ pé ó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nínú.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ilé ọ̀rẹ́ mi Bushrah, mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní irú kọ̀ǹpútà yìí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń gbá a, bí mo bá kàwé tán."

Raliat mọ̀ pé kò parọ́, torí èsì ìdánwò rẹ̀ ló gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kó pa bọ́ọ̀lù, kó ṣí irú àwòrán tí wọ́n máa yà ní yunifásítì. Saifudeen ní ilé kan tí ẹnì kan ti yà sórí kọ̀ǹpútà náà. Asiyah yí ilé náà ká, ó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, ó ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò kí ìyá rẹ̀ lè rí àwọn yàrá inú rẹ̀. Raliat rántí Jàmíù, tó ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ra.

Ó béèrè nípa bátìrì. Saifudeen ní bó bá jẹ́ ìwé ni, á gbé e díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ géèmù, kò ní pẹ́ tó fi máa kú.

Raliat rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mú iná lọ á máa bá mi ṣọ́ ọ."

Wọ́n ná an, Saifudeen ń fà á sókè, Raliat ń fà á wálẹ̀, títí tí wọ́n fi pàdé. Ọlọ́jà ṣèlérí pé bó bá yọnu kí sáà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó parí, òun yóò tún un ṣe láìgba ohunkóhun. Asiyah fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, ó kó aṣọ lé e lórí. Raliat rí i.

Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé nígbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè àlàáfíà Jàmíù àti iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n bóyá wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà.

"A ti rà á, sà," Asiyah wí. "Ti ìwé ni, a máa fi—"

Raliat gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Kọ̀ǹpútà géèmù ni, ẹ̀gbọ́n mi. Asiyah máa fi ṣiṣẹ́ ìwé, á sì máa fi gbá géèmù. Ó máa ń gbá a."

Alhaji wò ó títí. Asiyah ti dorí kodò.

"Raliat, o ti gbàgbé Anas ni?"

"Mi ò gbàgbé, sà. Inú yàrá ni Anas ti ń gbá a, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí mo bá parọ́ fún yín lónìí, bí Asiyah náà ṣe máa tilẹ̀kùn ni mo ń kọ́ ọ yẹn."

Kò bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ilé rẹ̀ ni, bó bá sì sọ pé rárá, inú kò ní bí òun. Òun á bá Asiyah wá yàrá sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì jọ máa wá kí i. Ohun tí òun ò kàn fẹ́ ni kí ọmọ òun máa gbé inú ilé bàbá rẹ̀ bí olè.

Asiyah gbójú sókè. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó aṣọ kúrò nínú báàgì, ó gbé kọ̀ǹpútà náà jáde, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú Alhaji.

"Ẹ jẹ́ kó máa wà ní pálọ̀ níbí, Bàbá. Ibí ni màá ti máa lò ó, níbi tí ẹ ti ń rí mi."

Alhaji kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí wọ́n mú àlejò wá bá.

"Kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn fi jókòó tì í, mi ò wò ó rí. Ìbínú ni mo máa ń bá wọlé."

Ó dìde, ó kó àwọn kítáàbù kéú rẹ̀ kúrò lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó fi gíláàsì sójú, ó sì fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Tàn án."

Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, Raliat mú báàgì rẹ̀. Kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó dé Ọ̀yọ́. Ó dágbére, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fọhùn láìyíjú. Ó ti ń wọ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí Alhaji ń béèrè àwọn tó jẹ́ tiwọn nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Asiyah ní àwọn tó wọ pupa ni.

"Anas ń kọ́?" Alhaji tún béèrè. "Àwọn wo ni òun máa ń mú?"

"Mi ò mọ̀ o, sà. Bóyá kí ẹ bi í."

Raliat dúró díẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni ìró àga tí wọ́n sún sẹ́yìn, àti ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń béèrè ibi tí òun gbé fóònù òun sí.