Ìdè Apá Olórí Ọ̀fọ̀

Ọmọ kan ṣoṣo ni Namgung Seo-ok jẹ́ fún baba rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹbí ní Andong, nílẹ̀ Korea, ń pariwo pé kí lọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, baba yìí ló mú un jókòó, tó kọ́ ọ ní ìwé ọgbọ́n àwọn àgbà àtijọ́. Kó tó kú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Seo-ok, ìwọ ni kí o dúró níbi orí òkú mi o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ." Seo-ok ní òun ti gbọ́.

Wọ́n gbé òkú sílẹ̀ tán, wọ́n gbé ìdè apá kan síwájú àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá so ó ni olórí ọ̀fọ̀, òun ni yóò máa gba ìkíni àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Seo-ok nawọ́ sí i.

"Háà! Ìyẹn kọ́ o," ni àbúrò baba rẹ̀ wí. "Pil-jae ọmọ mi ló ni ín. Ìwọ lọ wo ọbẹ̀ ẹran lórí iná."

"Bàbá kékeré, èmi ni bàbá mi ní kí..."

Pil-jae, tí kò yọjú sí olóògbé rí nígbà àìsàn, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, àbí ẹ ti gbàgbé ìwé tí ẹ kọ ni? 'Ilé tí obìnrin bá ṣáájú, ilé náà ti wó.' Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa la mọ̀ ọ́n lórí!"

Òótọ́ ni. Ìmọ̀ tí baba rẹ̀ fún un náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Seo-ok fi ń hun irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní Seoul. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Ó rò pé àwọn obìnrin yòókù lòun ń bá wí. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ti dé, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó funfun, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Bó bá ní òun ló ni ìdè náà, ìwé rẹ̀ ti dòfo lójú wọn. Bó bá dákẹ́, ó ti da baba rẹ̀. Inú bí i, ojú sì tì í.

Ó mú ìdè náà, ó yíjú sí Pil-jae, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn lápá.

"Ẹ ò rí i? Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń ṣe bó ṣe wí!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe.

Nígbà tó gbé ọbẹ̀ jáde, Pil-jae ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn kó tó na abọ́ rẹ̀ sí i. "Àǹtí, ẹ fi ẹran kún un."

Ó fi kún un.