Orúkọ Onígbàjámọ̀ Lára Òkúta

Birgit Krag kan ilẹ̀kùn mi ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1995. Ìlú kan náà la ti ń gbé láti kékeré, Randers, ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di àpò rẹ̀ mú níwájú ikùn.

"Dókítà ní mi ò ní rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ gbé òkúta lé bàbá mi lórí kí n tó lọ. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n da ọ̀dà sórí èyí tí màmá mi gbé síbẹ̀, títí tí màmá fi ní kí wọ́n hú u. Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi. Ẹ sọ fún mi, kí ló ṣe?"

Mo ní kó jókòó.

"Mi ò wá jókòó. Bó bá jẹ́ pé ó tà yín fún Jámánì lóòótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, màá fi koríko sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá sì ṣe é, ẹ sọ ọ́ níbi tí àwọn èèyàn ti máa gbọ́."

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

"Àádọ́ta ọdún ńkọ́? Kò tó?"

Ó yí padà, ó sì lọ. Kò pa ilẹ̀kùn dé.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1944, a jẹun nílé Ejler. Ejler ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ojú pópó wa, ọ̀rẹ́ mi ni. Abẹ́ àwọn àpótí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ń kó dáínámáìtì sí, èyí tí a fi ń fọ́ ojú irin tí àwọn Jámánì tó gba ilẹ̀ wa ń gbà kó ọmọ ogun wọn. Àwa mẹ́rin la wà nídìí tábìlì: Ejler, èmi, Viggo Rask tó jẹ́ olórí wa, àti Tage tó máa ń kó àwọn ohun èlò wá fún wa láti Aalborg. Lọ́jọ́ náà Tage gbé odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ wá láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti jẹ ẹran tó tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Viggo kò jẹ́ kí a gbádùn rẹ̀ tán kó tó mú òfin rẹ̀ jáde. "Ẹ má kí ara yín níta," ló wí. "Bí ẹ bá pàdé mi lójú ọ̀nà, ẹ kà mí sí òpó iná."

"Òpó wo ló ń jẹ ẹran tó báyìí?" Ejler bi í.

"Jẹ́ kó jẹ," ni Tage wí. "Òpó tí ebi bá ń pa, ó lè wó lu èèyàn."

A rẹ́rìn-ín. Viggo náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá, mo kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta. Èédú ni mo ń kó sínú ọkọ̀ ojú irin nígbà náà, dúdú rẹ̀ sì wà nínú etí mi. Nígbà tí mo dé igun ilé ìtajà ìbọ̀wọ́, mo rí Tage tó ń bọ̀, àwọn ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù gígùn sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Mo ti rò pé ó ti padà sí Aalborg.

Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá gbogbo wa tọ́ wa: bí o bá ti bá èèyàn jẹun, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tún pàdé, ọpẹ́ ìjọ́sí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ gbogbo. Ẹni tí kò bá dú ọpẹ́ náà kò ní ilé tó ti wá. Ẹnu mi kò bi mí léèrè. Mo ṣí fìlà mi.

"O ṣeun ìjọ́sí, Tage," ni mo wí.

Ó wò mí bí ẹni wo ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò kóòtù, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì ní okùn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé itan ẹlẹ́dẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀gá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, ẹni tó ní irun pupa, ló ṣí fìlà fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà tún ṣí tèmi. Lẹ́yìn náà mo gba ilé Ejler lọ tààrà, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ejler ní kí n bá òun wá ibi tí tíúbù kan ti ń jò. Mo gbé e lọ sí àgbá omi tó wà ní àgbàlá. Inú omi ni ọwọ́ mi wà nígbà tí gíláàsì fọ́ níwájú. Mo gbọ́ ohùn Ejler, mo gbọ́ ìró òòlù lára egungun, ẹnìkan ké, lẹ́yìn náà ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò wọlé. Mo gun ògiri. Àfọ́kù ìgò ni wọ́n rì sórí ògiri náà, ó gé àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ gun òrùlé ilé èédú tó wà lódìkejì. Ibẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, tí mo ti ń wo ojú pópó.

Wọ́n ti yìnbọn fọ́ orúnkún Ejler méjèèjì. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi wọ́ ọ jáde, orí rẹ̀ sì ń gbá lu àtẹ̀gùn, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Wọ́n bi í pé àwọn yòókù dà. Ó tutọ́ sí wọn lára, itọ́ náà pọ́n. Ọkùnrin onírun pupa gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́fun, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣíwọ́ lílu ilẹ̀. Ẹni tó ṣí fìlà fún mi ni. Èdè wa ló ń sọ: àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ṣe ọlọ́pàá fún Jámánì wà pẹ̀lú wọn, òun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní òdìkejì ọ̀nà, Osvald Krag onígbàjámọ̀ dúró lójú fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ọmọ ogun Jámánì kan jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ ṣì wà ní ìdajì ojú rẹ̀.

Lórí òrùlé yẹn ni mo ti mọ̀ pé èmi ni mo mú wọn wá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ibùdókọ̀ ojú irin fi sọ èyí tó kù: ọjọ́ Ajé ni wọ́n mú Tage. Wọ́n lù ú, wọ́n fọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò mọ ẹnì kan ní Randers. Nítorí náà wọ́n mú un rìn káàkiri ìlú láti àárọ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ ìkookò, kí wọ́n lè rí ẹni tó máa kí i. Gbogbo ìlú kọjá lára rẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúpẹ́. Ní oṣù kìíní wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n sì yìnbọn pa á.

Viggo pè mí sí ilé tí wọ́n ti ń dá iná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin, ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n pa Ejler.

"Ta ló mọ ṣọ́ọ̀bù Ejler?" ló bi mí, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. "Osvald. Ó ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé. Jámánì ló sì ń fá irùngbọ̀n fún."

"Gbogbo ayé ló ń fá irùngbọ̀n fún," ni mo wí.

"O fẹ́ gbèjà rẹ̀?"

"Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ ni Ejler, Osvald ò sì ní bẹ̀rù rẹ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi nígbà kan pé Viggo ì bá yìnbọn fún mi bí mo bá sọ ọ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n ikú kọ́ ló di ẹnu mi. Ìtìjú ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ títí ayé pé ìkíni ni Folmer fi pa Ejler.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Osvald. Ó ń gbálẹ̀. Viggo dúró síta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wa méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni Osvald ti ń gẹ irun mi.

"Wo orí bí igbó," ló wí. "Jókòó. Mo ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ìyá rẹ máa wo èyí."

Mo jókòó. Ó fi aṣọ funfun bò mí títí dé orúnkún, ó so ó mọ́ ọrùn mi. Lábẹ́ aṣọ náà ni mo ti fa ìbọn yọ. Nígbà tó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo fà á. Ìbọn náà kọ̀, irin rẹ̀ nìkan ló dún. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó wo aṣọ náà, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi nínú dígí.

"Folmer," ló wí. "Kí ni mo ṣe?"

Mo tún ìbọn náà kẹ́ lábẹ́ aṣọ.

"Bí ẹ bá máa pa mí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Aago mẹ́fà ni Birgit ń ti ibi iṣẹ́ dé. Kó má jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ wọlé."

Mo tún un fà. Ó bà á níkùn. Ó di apá àga mú, ó sì ń rọra wálẹ̀ lára mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná lórí itan mi. Aṣọ funfun náà gbaná. Ó fẹ́ tún sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹnu ìbọn sí ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo sì yìn ín. Ohun tó fọ́n sára dígí kò jẹ́ kí n rí ojú ara mi mọ́. A gun kẹ̀kẹ́ lọ. A kò ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1945, tí Jámánì ti túúbá, tí àsíá wà lára gbogbo ilé, àwọn èèyàn wọ́ Birgit jáde. Ọmọ ogún ọdún ni. Wọ́n fà á sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ya aṣọ rẹ̀, wọ́n ń gbá a létí, wọ́n ń pè é ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀. Ẹnìkan lọ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun bàbá rẹ̀ wá. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọkọ̀ náà, ìbọn wà léjìká mi. Ó ń mi orí, ẹ̀rọ náà sì ń gé e lára. Wọ́n ní kí n bá wọn di orí rẹ̀ mú. Mo dì í mú títí wọ́n fi gẹ ẹ́ tán.

Ọdọọdún ní ọjọ́ yẹn la máa ń péjọ sídìí òkúta ìrántí tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Orúkọ Ejler àti ti Tage wà lára rẹ̀. Viggo ni alága ẹgbẹ́ wa títí di òní; ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Lọ́dún yìí, nítorí pé àádọ́ta ọdún ló pé, ó ní kí n ka orúkọ àwọn òkú wa. Nǹkan bí irínwó èèyàn ló wá. Birgit dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, kóòtù yẹn náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ka àwọn orúkọ náà tán. Mi ò sọ̀kalẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan," ni mo wí. "Osvald Krag. Kò ta ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kí Tage lójú ọ̀nà níwájú àwọn tó mú un, èmi ni mo sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ Ejler. Mo mọ̀ kí n tó pa Osvald. Mo pa á."

Viggo gun àtẹ̀gùn náà wá. "Folmer, ó ti rẹ̀ ẹ́," ló wí, gbogbo wọn sì gbọ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo pàṣẹ. Kí ni kí n wá fi ìyẹn ṣe báyìí? Mo ti darúgbó."

"Èmi náà ti darúgbó."

"Sọ pé irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́, Ọ̀gá Viggo."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi lẹ́nu. Agbára rẹ̀ ṣì pọ̀. Mo ṣubú lu òkúta náà, eyín kan bọ́ sórí ahọ́n mi. Ó tún gbá mi léjìká, ó tún gbá mi níbi ọrùn, kí àwọn méjì tó dì í mú. Ẹkún ló ń sun. Obìnrin kan láàárín èrò ní kí wọ́n mú mi kúrò níbẹ̀, pé orí mi ti dàrú. Àwọn kan ti ń lọ sílé.

Birgit ti rìn wá síwájú. Kò fà mí dìde, kò sì wo Viggo. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ló wí. "Ẹ tún un sọ."

Mo di òkúta mú, mo dìde, mo tu eyín náà sí ọwọ́ mi, mo sì tún un sọ.