Ìlà Kẹ́ẹ̀gì Lójú Omi

Ọjọ́ Ajé ni Rhoda sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi dáàmù, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ẹrẹ̀. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlobù, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ìlú gbé kalẹ̀ fún àṣeyẹ ìparí ọdún. Ó bá Mùíbátù níbi tó ti ń tú àwọ̀n tó lọ́ pọ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí koríko.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́ mà? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Tíṣà, dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Mùíbátù ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìyá Bàrákàt ni gbogbo àwọn tó ń pẹja lórí dáàmù náà láti apá Ìlobù ń pè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: Yẹ́jì ni wọ́n bí i sí, ní Gáná, létí omi ńlá tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Ọmọ ọdún méje ni ní ọdún 1969 tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Láàárín ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ ta ọkọ̀ méjì, ó kó wọn wálé. Àwọn tí wọ́n jọ dé yà sídìí aṣọ títà àti páànù títà. Bàbá rẹ̀ kò mọ òwò kankan. Ìgbà tí wọ́n sé odò, tí omi tẹ́ rẹrẹ láàárín ilẹ̀ Ìlobù àti ilẹ̀ Ìfọ́n, òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lé e. Sùlè, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, kò tíì rìn nígbà náà, nítorí náà Mùíbátù ló kọ́ ní ọkọ̀ títù, òun ló sì ń tù ú títí di òní.

Rhoda ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ọmọ Ìlobù kan tó ń jẹ́ Ọlámikúnlé, tó ti pẹ́ nídìí bàálù wíwà lókè òkun, ń bọ̀ wálé. Ó ti rí bàálù kékeré kan yá. Ó fẹ́ fi dárà lórí omi náà kí àwọn ará ìlú rẹ̀ wò ó: á dojú rẹ̀ dé, á yí i bí ẹni yí okòtó, á fi èéfín funfun kọ òbìrìkìtì sójú ọ̀run.

"Ọjọ́ Sátidé ni mà. Láti aago mẹ́wàá sí aago kan, a ò fẹ́ kí ọkọ̀ kankan wà lójú omi. A ó fi kẹ́ẹ̀gì pa ìlà yí àárín rẹ̀ ká."

Sùlè, tó jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nítòsí, kọjú sí i. "Àwọn ará Ẹ̀rìn tó ń gbé ẹja wa lọ sí Òṣogbo, Sátidé ni wọ́n ń rà jù. Ṣé wọ́n á dúró dè wá ni?"

Rhoda ni Mùíbátù kọjú sí. "Bàálù wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀. Kí ló kàn wá níbẹ̀?"

"Ó máa ń fò wálẹ̀ gan-an ni mà. Atẹ́gùn rẹ̀ lè dojú ọkọ̀ kékeré dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn..." Rhoda nawọ́ sí àárín omi. "Bí nǹkan bá ṣe é, orí omi ló yẹ kó já sí, kì í ṣe àárín èrò. Kò sì yẹ kí ènìyàn wà lórí omi náà."

"A jẹ́ pé ẹ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ìṣubú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọlámikúnlé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síwèé. Bó bá rí ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú ìlà, á gòkè padà, kò ní ṣe é mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùíbátù létí. Ó fẹ́ràn kí ènìyàn ti ro ibi tí nǹkan lè bàjẹ́ dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. "Àwọn ará Ìfọ́n ńkọ́?"

"A kọ lẹ́tà sí wọn. Wọn ò fèsì."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti da àárín ìlú méjèèjì rú, ẹni tí kò bá ní ìdí pàtàkì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú ẹnìkejì. Àwọn apẹja ṣì ń jọ lo omi kan náà, torí kò sí ẹni tó lè fi èèkàn pín in. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ Ìlobù bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ìfọ́n, oníkálukú á máa wo ibòmíràn.

"Máa lọ sílé," ni Mùíbátù wí. "Màá rí wọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tukọ̀ lọ sí àárín omi, níbi tó mọ̀ pé Ìdòwú ti máa ń gbé ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja. Ìdòwú ni àgbà àwọn apẹja apá Ìfọ́n, ó sì fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ju Mùíbátù lọ. Nígbà kan rí, ó máa ń wá jẹun nílé bàbá Mùíbátù. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀.

"Bùọ̀dá Ìdòwú, ẹ kú iṣẹ́ odò."

Ìdòwú gbé ìgèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tán kó tó dáhùn. "Ọ̀ọ́. Ìyá Bàrákàt."

Mùíbátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí Rhoda ṣe sọ ọ́. Ìdòwú gbọ́ ọ tán.

"Bàálù Ìlobù ni. Kí àwọn ọkọ̀ Ìlobù kúrò lọ́nà fún un."

"Bó bá ń já bọ̀, kò ní bi wá níbi tí a ti wá kó tó bà lé wa."

Ìyẹn mú kí Ìdòwú wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí àwa bá wá jókòó sílé, tí ọkọ̀ Ìlobù kan wọ ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ wa máa sọ. Wọ́n á ní ẹ ti fọgbọ́n gba omi mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ọkọ̀ kankan ò ní wọ ibẹ̀. Èmi fúnra mi máa jókòó sórí ìlà lápá tiwa. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó sí tiyín. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ Ìlobù kan tó kọjá lára mi, kí gbogbo yín máa wọlé."

"Ti àwọn ọlọ́lá yín náà ńkọ́?"

"Mo ti wí, ọkọ̀ kankan ò ní wọ ibẹ̀."

Ìdòwú ju ìgèrè mìíràn sínú omi, ó ń wò ó bó ṣe ń rì. "Ẹ kó ìlàjì kẹ́ẹ̀gì yẹn wá," ló sọ. "A ó so tiwa fúnra wa."

Ogójì kẹ́ẹ̀gì òróró ni wọ́n kùn ní pupa. Wọ́n so òkúta mọ́ wọn nídìí kí omi má baà gbé wọn lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti yí àárín omi ká bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọyẹ́ rọra fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Èrò kún bèbè Ìlobù, wọ́n gbé kánópì ró fún àwọn àlejò. Sùlè àti àwọn yòókù ti fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀. Mùíbátù nìkan ló wà lójú omi lápá tirẹ̀, lẹ́nu àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín kẹ́ẹ̀gì méjì, ó sì na aṣọ pupa kan sórí orúnkún rẹ̀. Rhoda ti sọ fún un pé bó bá gbé aṣọ náà sókè, Ọlámikúnlé á mọ̀ pé ewu wà. Ní òdì kejì lọ́hùn-ún, Ìdòwú kéré bí kùkùté igi tó yọrí.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí bàálù náà yọ láti ọ̀nà Ìlọrin. Ó kéré sí ariwo rẹ̀. Ó fò wálẹ̀ títí òjìji rẹ̀ fi sá kọjá lórí omi, ọkọ̀ Mùíbátù sì mì lábẹ́ rẹ̀. Èrò hó. Mùíbátù kò gbójú sókè, ó ń wo omi.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyítán, alága ìgbìmọ̀, ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àlejò mẹ́rin láti Abújá àti ayàwòrán kan. Kingsley, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n yá pẹ̀lú ọkọ̀, ló ń wà á. Àárín ìlà ni wọ́n dorí kọ tààrà.

Mùíbátù fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú àlàfo náà, ó sì gbé aṣọ pupa sókè. Kingsley pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni alága wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àwa ni. Ẹ sún díẹ̀ ká ráyè kọjá."

"Ẹ kú ìnáwó, Alága. Ọ̀nà dí títí di aago kan."

"Ìwé tí ẹ̀ ń tẹ̀ lé yẹn, èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àwọn àlejò fẹ́ ya fọ́tò lábẹ́ bàálù."

"Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí ènìyàn má sí."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sọ fún Kingsley pé kó rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kingsley wo ọkọ̀ pákó náà àti obìnrin tó jókòó sínú rẹ̀.

"Tó o bá máa gbá mi, gbá mi," ni Mùíbátù sọ fún un, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. "Mi ò ní kúrò."

Kingsley gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sórí itan.

Lókè, bàálù náà ti gòkè lọ, ó ń yí po níbi tó jìnnà. Ohùn Sùlè ń bọ̀ láti bèbè, ó ń ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí alága kọjá. Èjìká ń ro Mùíbátù. Ẹ̀rù sì bà á díẹ̀, kì í ṣe ti alága. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń ti ọkọ̀ mẹ́ta sómi ní bèbè Ìfọ́n, Ìdòwú sì ti dìde dúró nínú tirẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn àlejò má baà gbọ́. "Alága, ẹ wo ẹ̀yìn mi. Bí ẹ bá wọlé, àwọn yẹn á wọlé. Ìdòwú ò ní lè dá wọn dúró, torí èmi ni mo ṣèlérí fún un."

Ṣèyítán wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Kingsley, yí ọkọ̀ padà."

Ogún ìṣẹ́jú ni bàálù náà fi yí po lókè kí ọ̀nà tó mọ́. Epo tí bàálù náà gbé wá ní ìwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ èyí tó máa gbé e dé Ìlọrin kù. Ọlámikúnlé fò wálẹ̀ padà, ó dojú bàálù dé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò ráyè kọ òbìrìkìtì èéfín tí wọ́n ti fi lu agogo kiri ìlú. Àwọn èrò tú ká, wọ́n ń kùn. Bí Mùíbátù ṣe ń fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, obìnrin kan ń tọ́ka sí i fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ìyá tó ba eré jẹ́ nìyẹn."

Ohun tí wọ́n sọ nílé burú jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dójú ti ọmọ Ìlobù níṣojú àwọn ará Ìfọ́n. Sùlè kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní oṣù kìíní, ìgbìmọ̀ náà pín ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún àwọn apẹja. Wọ́n pe Sùlè, wọ́n pe gbogbo àwọn yòókù. Wọn ò pe orúkọ Mùíbátù. Bàrákàt ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ bá wọn jà. Mùíbátù ní kó jókòó.

Láàárọ̀ mìíràn, bó bá wà lórí omi, ó máa ń bi ara rẹ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí wọ́n kọjá ńkọ́. Bóyá wọn ì bá ya fọ́tò wọn, kí wọ́n sì padà sílé. Bàálù náà kò já. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ṣàlàyé fún ẹni tó ń bínú. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé bí ọkọ̀ òun àti ti Ìdòwú bá pàdé, Ìdòwú ló ń kọ́kọ́ kí i.

Oṣù kẹwàá ni alága wá sílé rẹ̀, Rhoda tẹ̀ lé e. Mùíbátù fún wọn ní àga, ó ní kí Bàrákàt gbé omi wá. Ṣèyítán mu omi náà tán. Kò tọrọ àforíjì, Mùíbátù náà kò sì retí rẹ̀.

"Ọlámikúnlé tún ń bọ̀," ló wí. "Ó ní bí ètò ìlà yẹn kò bá rí bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá, òun ò ní fò. A kọ̀wé sí Ìfọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fèsì."

Rhoda ka lẹ́tà náà. Kò gùn rárá. Wọ́n ní àwọn á jókòó sórí ìlà àwọn bí Ìyá Bàrákàt bá jókòó sórí tirẹ̀, wọn ò sì fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mùíbátù kọjú sí Rhoda. "Tíṣà, bíírò wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà mà."

"Kọ ọ́ pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọ inú ìlà. Kí o wá kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ pé ti alága náà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀."

Rhoda wo Ṣèyítán. Ṣèyítán mi orí pé ó dára, Rhoda sì kọ ọ́. Alága gba bíírò náà, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n dágbére, wọ́n sì jáde.

Mùíbátù ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ẹní ìrun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá Bàrákàt lẹ́yìnkùlé, nítorí ẹja tó wà lórí iná ti tó yí padà.