Ọjọ́ Tí Bàbá Ń Ka Wáyà

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan: a kì í bá ẹni tó ń ka wáyà sọ̀rọ̀. Mọ́tò iná tó bá jóná, ìyẹn ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí, ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Á tú wáyà àtijọ́ dànù, á wé tuntun sínú irin, á sì máa ka iye ìgbà tó yí i lábẹ́ ètè bó ṣe ń wé e. Bí iye rẹ̀ bá ṣì, mọ́tò náà á tún jóná ni. Ẹni tó bá kí i lẹ́nu kíkà ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, àwọn á kọ́kọ́ ní sùúrù kí baálé kà á tán.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wọ yunifásítì láti di ẹnjiníà. Ẹ̀ka tó máa mú ló kù. Àwọn oníbàárà ti ń pè é ní Ẹnjiníà Iná láti kékeré, nítorí ó mọ orúkọ irinṣẹ́ kó tó mọ orúkọ àwọn àǹtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ló wà lọ́kàn ọmọ náà. Orí òkè ni ilé wọn wà. Páìpù dé ẹnu ọ̀nà wọn, omi kì í dé ibẹ̀.

“Lọ sọ fún bàbá ẹ pé ẹ̀ka omi lo fẹ́,” ni ìyá rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ tí yíyan ẹ̀ka máa parí ní ọ́fíìsì yunifásítì.

“Tó bá dùn wọ́n ńkọ́, Mọ́mì? Ta ló máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn?”

“O ò tíì bèèrè, o ti ń dáhùn. Lọ jàre!”

Ó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ mọ́ mọ́tò ńlá kan tó ti ilé búrẹ́dì wá. Kò gbójú sókè, ìka kan ló nà: dúró ná. Ọmọ náà jókòó. Ó ń wo òógùn lọ́rùn rẹ̀ àti awò ojú tó ń yọ̀ bọ́ sí imú. Bó ṣe ń wò ó sí i ni ohun tó fẹ́ sọ ń kéré lójú ara rẹ̀. Wáyà kan parí, ọmọ náà la ẹnu. Bàbá fa òmíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ náà wo aago. Ọ́fíìsì ti fẹ́ẹ́ tì. Ó dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ, ó sì mú ẹ̀ka iná.

“Ẹnjiníà, kí lo wá sọ lọ́sàn-án?” bàbá rẹ̀ bi í nídìí oúnjẹ.

“Mo ti mú ẹ̀ka iná, sà.”

“Iná kẹ̀? Ìwọ tó ń tọ páìpù kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù?”

“Ẹ ń kà nígbà yẹn ni.”

“Ò bá ti pè mí!”

“Wáyà yẹn ńkọ́?”

“Wáyà ṣe é tú! Ojoojúmọ́ ni mo ń tú wáyà.” Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. “Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ló máa fa omi gòkè wá fún wa.”

Ìyá pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun àti ọmọ jọ lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì gbọ́ tiwọn tán, ó mi orí.

“Bàbá, ẹ máà bínú. Ẹ̀ka omi ti kún lánàá. Ó lè fi èyí sílẹ̀ kó tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé á rí àyè.”

Bàbá bẹ̀bẹ̀ títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ náà fà á lápá. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà. Màá ṣe iná.”

Lójú ọ̀nà, bàbá ò dákẹ́. Ó ń bèèrè eléyìí, ó ń bèèrè tọ̀hún, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní dí àlàfo àná.

“Kí ló tiẹ̀ dé gan-an tí omi kì í fi í gun òkè wa?”

Ọmọ náà wo òkè tó wà níwájú wọn.

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Òun ni mo fẹ́ lọ kọ́.”