Ọmọ Tí Kò Lè Sọdá

Ẹgba mẹ́fà ni Florence Ọmọ́tọ́ṣọ́ na Fáòsíátù lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún 1992, ní géètì ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ wọn ní Bàólójì ní Òkókómáìkò. Ìgbà kọkànlá nìyẹn tí ọmọ náà máa pẹ́ ní sáà yẹn. Àwọn yòókù tó pẹ́ ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n ń purọ́ pé ìyá àwọn ló rán àwọn níṣẹ́. Fáòsíátù kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síta, ó gba ẹgba rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọpẹ́ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn Florence títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ tó mọ̀wé ni Fáòsíátù. Òun ló máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta, máàkì rẹ̀ ń já wálẹ̀, ìdánwò WAEC sì ti ń kanlẹ̀kùn. "Ìgbéraga ló ń dà á láàmú," ni Pírínsípà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, wí. "Ẹ má gbà fún un."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Florence fúnra rẹ̀ pẹ́. Ọkọ̀ tó wọ̀ láti Ìjànikin bàjẹ́ lọ́nà, aago mẹ́jọ sì ti kọjá dáadáa kó tó bọ́ sílẹ̀ létí títì Àgbádárìgì, níbi tó ti fẹ́ sọdá sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé. Ibẹ̀ ló ti rí Fáòsíátù lábẹ́ òpó iná, nínú yunifọ́ọ̀mù, tó gbá ìwé mọ́ àyà.

Inú kọ́kọ́ bí i. Ṣé ìdúró lásán ni ọmọ yìí ń dúró láràárọ̀? Ṣùgbọ́n bó ti ń wò ó, ó rí i pé ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan lé ọ̀dà títì, ó sì fà á padà. Ó tún gbé e, ó tún fà á padà. Òógùn ti mú kọ́là aṣọ rẹ̀ tutù.

"Tíṣà ni yín, àbí?" Àpèkẹ́, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá òpó náà ló sọ̀rọ̀. "Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn o. Aago mẹ́fà ààbọ̀, kí n tó pàtẹ, ó ti dúró síbẹ̀. Láti ìgbà tí tírélà ti gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ẹ̀ ni. Bí èrò bá pọ̀, á gba àárín wọn sọdá. Bí èrò ò bá pọ̀, ibẹ̀ ló máa wà."

Florence wá rántí akẹ́kọ̀ọ́ tó kú náà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi! Nínú oṣù kọkànlá ni. Gbogbo ilé-ìwé dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ní àsẹ́ḿbìlì, lẹ́yìn náà Pírínsípà bọ́ sórí ọ̀rọ̀ koríko tí wọn kò tíì gé. Kò sí olùkọ́ kan, àtòun Florence, tó bi ẹnikẹ́ni pé ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn nígbà tó ṣubú.

Aago mẹ́fà ààbọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń nà pé ó ń pẹ́ ló ń tètè jáde ju gbogbo wọn lọ.

"Fáòsíátù."

Ọmọ náà ta gìrì. Kó tó rí i pé kò sí pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́, ó ti na àtẹ́lẹwọ́ síta. Florence di ọwọ́ náà mú. Ó tutù bí omi àmù.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, mà?" Ó kọjú sí títì. "Èmi ni mo ní ká sáré, mà. Ó ní ká dúró. Mo ní a ti pẹ́, wọ́n máa nà wá. Mo sáré. Mo rò pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Wọ́n kọ́ Florence ní bí ọkàn ṣe ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí à ń sọ fún irú ọmọ yìí. Ó ní, "Mo nà ẹ́, mi ò sì bi ẹ́ léèrè. Má bínú."

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dé etí ọ̀dà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìgbà mẹ́rin ni ọmọ náà padà sẹ́yìn. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù kí wọ́n tó rí èrò tó pọ̀ tó láti sá sí láàrin.

"Ṣé gbogbo ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà la ó máa fà lọ́wọ́?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà bi Florence ní ọ́fíìsì, nígbà tó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un. "Ìdánwò ò ní dúró de ẹnì kankan o, Mísìs Ọmọ́tọ́ṣọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíràn tó máa di pàṣán mú ní géètì. Èmi ò ṣe é mọ́."

Láti ọjọ́ kejì ni Florence ti ń bá a dúró lábẹ́ òpó náà. Ọjọ́ mìíràn wọn a sọdá kíá. Lọ́jọ́ kan, táyà ọkọ̀ kan bẹ́ gbàù, ó sì gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọmọ náà tó lè tún gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀dà. Florence kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Bó bá dùbúlẹ̀, ìrònú kan náà ní í máa wá: bí mo bá fa ọmọ ọlọ́mọ wọ títì, tí bíréèkì ọkọ̀ kan wá já ńkọ́? Kí ni màá wí?

Ọjọ́ tí WAEC máa bẹ̀rẹ̀, Pírínsípà pàṣẹ pé Florence gbọ́dọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn láti aago mẹ́fà, kó to àga. Kò sọ́nà tó fi lè dúró létí títì. Ó ránṣẹ́ sí Fáòsíátù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí ó bá èrò sọdá. Aago mẹ́sàn-án lù, wọ́n pín ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Àga kan ṣófo nítòsí fèrèsé. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá, òfin ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́.

Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ̀ kan tẹ bíréèkì níta, ó han gooro. Florence di ara ògiri mú. Ó ń retí igbe. Kò gbọ́ igbe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ó ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe, nígbà tí Fáòsíátù wọlé, bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́, èkejì lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò ló ṣàlàyé. Èrò kò sí láàárọ̀ náà. "Mo rí obìnrin kan tó pọn ọmọ, mà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rù títì ń bà mí, ẹ bá mi sọdá.' Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn náà, pé ká jọ mú ara wa dání."

Kò parí ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn: ó yege nínú gbogbo yòókù, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò yege. Ọdún kejì ló tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìwé tó kẹ́yìn ní ọdún 1992 náà, Kẹ́mísìrì, Fáòsíátù dúró de Florence lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé Ìbà."

Ìbà ni ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi kó lọ lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí kò lè máa gbọ́ ariwo títì náà mọ́. Wọ́n bá a nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Fáòsíátù kúnlẹ̀. 

"Ìyá wa, èmi ni mo ní ká sáré."

Ìyá náà gbójú sókè. Florence di ìkángun gèlè ara rẹ̀ mú, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kí obìnrin yìí má ṣépè, kí ó má ṣáà ṣépè.

"Mo mọ̀," ni ìyá náà wí. "Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí o ò fi yọjú sí mi. Láti oṣù kọkànlá! Ìwọ tó ò ń jẹun nínú ìkòkò mi lójoojúmọ́. Mo ní ṣé ọmọ mi kejì náà ti kú ni?"

Fáòsíátù bú sẹ́kún. Ìyá náà kò ní kó dákẹ́. Ó gbé àwo ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fà á mọ́ra lórí ẹní, wọ́n sì jọ sunkún.

Nígbà tí ojú wọn gbẹ díẹ̀, ó bi í pé, "Ìwé wo lẹ ṣe lónìí?"

"Kẹ́mísìrì ni, mà."

"Kí ni wọ́n bi yín?"

Fáòsíátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìbéèrè náà fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà kò lóye ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀.