Ìwé Tó Kọ Ara Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá Sylvester gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ kọ ìwé àlàyé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Yábàá. Àwọn ló ṣe ètò orí fóònù tí àwọn aláìsàn fi ń gba àyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. JavaScript, ọ̀kan nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sí níbì kankan.

"Ẹ̀rọ kan wà," ni ọ̀gá wí fún Lateefah tó ń bójú tó kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà. "Á ka àlàyé tẹ́ ẹ ti kọ sáàárín kóòdù, á kó o jọ, á sọ ọ́ di ìwé. Àǹtí Jemilat ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Àǹtí Jemilat ló ni ilé ìwòsàn mẹ́ta ní Sùúrùlérè, òun sì ni oníbàárà wọn tó tóbi jù.

Lateefah ní kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Àkọlé gàgàrà jáde, orúkọ ọ̀gá jáde, fọ́tò ọ̀gá jáde, ìyókù sì ṣófo. Ó tún un ṣe, pàbó. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wá ìdí rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló tó rí i pé àmì ìràwọ̀ (*) méjì ló yẹ kó ṣáájú àlàyé kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ò sì ka oníràwọ̀ kan sí. Ó fi ìkejì sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé kún fọ́fọ́. Ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá pé ìràwọ̀ ló kù.

Kó tó ráyè kà á, ọ̀gá ti fi ẹ̀rọ oníná tàn án sára ògiri níwájú àlejò.

Àǹtí Jemilat gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń kà á sókè: "'Ẹ má fọwọ́ kan ibí o. A ò mọ ohun tó mú un ṣiṣẹ́.'"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àwàdà àwọn ọmọ wa nìyẹn, mà."

"'Ibí ló yẹ kó ti wò ó bóyá dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. A ò tíì ṣe é. Ní báyìí, ó máa ń sọ pé dókítà wà ni, ìgbàkígbà.'"



"Ìgbàkígbà?" Àǹtí Jemilat yọ awò ojú. "Oṣù mẹ́ta làwọn aláìsàn ti ń wá bá àga òfìfo! Mo ti lé Aneesah tó ń gbàlejò, mo ní òun ló ń da orúkọ rú!"

Ọ̀gá kọjú sí Lateefah. "Ta ló ní kó o fi ìràwọ̀ sí i?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ìwé jáde, sà."

"Ìwé ni mo ní kó jáde, mi ò ní kí òótọ́ jáde!"

Lateefah ò lè gbójú sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àlàyé yẹn, tó ní òun á padà wá parí iṣẹ́ náà.

"Jókòó, tún un ṣe níṣojú mi," ni Àǹtí Jemilat wí. Ìlà kóòdù mọ́kànlá péré ló gbà á.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ilé iṣẹ́ òun kì í fi nǹkan pa mọ́ fún oníbàárà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Jemilat mú Lateefah dání lọ sí Mushin, wọ́n lọ bẹ Aneesah nílé, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun ló ń da orúkọ rú. Aneesah gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ní kí wọ́n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, kí ìyá òun náà lè gbọ́.