Ilé Màmá Gbádébọ̀ ní Ìfẹ́lódùn

Àlá ọ̀sán gangan ni Màmá Gbádébọ̀ lá, ẹ̀yin ará mi, bó sì ṣe rọ́ ọ fún mi ni n ó ṣe rọ́ ọ fún yín.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé ilé ńlá tí wọ́n jọ kọ́ sí Ìfẹ́lódùn, lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wà lókè òkun. Wọ́n ní kó tà á, kó wá ibi tí agbára rẹ̀ ká. Ó gbà lẹ́nu, kò gbà nínú. Lọ́jọ́ tí Ṣàrafá, ajẹ́ńtì, fẹ́ mú olùrà wá, Màmá gbálẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó fìdí lé àga, oorun gbé e lọ.

Lójú oorun, Ṣàrafá mú ọkùnrin kan wọlé tí kò lórí; fìlà lásán ló jókòó sọ́rùn rẹ̀. Màmá kí i káàbọ̀, ó bu omi fún fìlà.

"Kí ló wà ládùúgbò yìí?" ni fìlà bèèrè.

Ṣàrafá pàtẹ́wọ́. "Ọ̀nà ọ̀dà, máa bọ̀!"

Ọ̀nà ọ̀dà ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó wọlé, ó fara ti ògiri. Ilé ìwòsàn tẹ̀ lé e, ó ń wúkọ́. Ẹ̀rọ omi ló dé gbẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, iná ni wọn ò tètè mú wá." Àga ò tó. Màmá lọ gbé àpótí ìdáná wá. Gbogbo ìyẹn ò yà á lẹ́nu. Ẹni tí yóò tún ilẹ̀ gbá lẹ́yìn wọn ló ń rò.

Ó wá ku kí ọ́fíìsì ilẹ̀ fọwọ́ sí títà ilé náà. Ọ́fíìsì náà fò wá látojú ọ̀run, ó bà sórí òrùlé bí ẹyẹlé. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Màmá, ṣé tọkàntọkàn lẹ fi ń tà á?"

Kí Màmá tó dáhùn, ìwo ti yọ lórí ọ̀gá. Ó di òbúkọ, ó ń jẹ aṣọ fèrèsé.

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, sà," ni Màmá wí. Ó wá kọjú sí ògiri. "Ilé, ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Ta ló ń bínú, Màmá?" ni ilé dáhùn. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Láràárọ̀ lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ, ẹ ó dúró, ẹ ó tún tì í. Èmi náà a máa retí kẹ́nìkan jáde."

"Bàbá wọn ńkọ́?"

"Mo ti wá wọn títí. Wọn ò sí nínú mi mọ́."

Omijé bọ́ lójú Màmá. Ẹ̀rọ omi ní kó má fi ṣòfò, ó gbé garawa sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Kíkan ilẹ̀kùn ló jí i. Ṣàrafá ló dé, òun àti tọkọtaya kan tí wọ́n fa ọmọbìnrin kékeré lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé o, Màmá," ni ìyàwó wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àdúgbò yìí dákẹ́?"

Màmá wo ọmọ náà. Ó ti ń yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó dákẹ́ jù, ọmọ mi," ni Màmá wí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá. "Ẹ fọwọ́ ọmọ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sáré kiri inú ilé."